Ẹ Bi Alhaja: Àtẹ Ààwẹ̀ Ọdún Tó Ń Bọ̀

Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá wa. Ìwó Road ní Ìbàdàn ni mò ń gbé, tẹ́lọ̀ ni mí. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá mo rí i bí àwọn èèyàn ṣe pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláásí àdúgbò wa, dàbínù, wọ́tàmẹ́lọ̀n, híjáàbù, jàlàbíà, gbogbo ẹ̀ ń tà wàràwàrà, ó sì wù mí kí èmi náà ṣe tèmi lọ́dún tó ń bọ̀, fún oṣù ààwẹ̀ yẹn nìkan, kí n padà sídìí máṣíìnì mi lẹ́yìn ọdún. ₦200,000 ni mo lè kó jọ. Mo fẹ́ yá kánópì, kí n sì fi gbogbo owó tó kù ra jàlàbíà torí wọ́n ní òun ni èrè ẹ̀ pọ̀ jù. Ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ bi àgbà léèrè. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì mi, ọkọ ẹ ṣe é dáadáa, bá mi kí i.

Má fi gbogbo owó yẹn ra jàlàbíà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná. Kì í ṣe pé jàlàbíà ò dáa o, èrè wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ra jàlàbíà ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀? Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn aláàwẹ̀ ni ohun tó máa fi ṣínu àti ohun tó máa jẹ ní sààrì. Tóo bá rì gbogbo owó sínú aṣọ wàá kàn jókòó tì í ni, ẹni tó ń ta dàbínù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ á ti yí owó tiẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ìwọ tó ta èyí àkọ́kọ́, tí ọdún bá sì kọjá tí aṣọ bá kù, ó di ọdún mìíràn nìyẹn, owó ọmọ ẹ ló há síbẹ̀ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kóo mọ̀ nípa oṣù yìí ni pé ọjà tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí àwọn ààfáà ṣe máa ń pín in sí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá náà ni ọjà ẹ̀ ṣe pín. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọjà ẹnu ni, gbogbo ilé ló ń ra dàbínù, mílíìkì, ṣúgà, ògì, èso. Ti àárín, ọwọ́ èèyàn máa ń rọ̀ díẹ̀, kí ó má bà ẹ́ lẹ́rù, ìgbà yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù àti àwọn tó ń ṣe ìṣínu àpapọ̀ máa ń wá ẹni tó máa bá wọn di nǹkan lọ́pọ̀, torí náà lọ kí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé, fún wọn ní nọ́ńbà ẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn wá ni ti aṣọ, fìlà, túràrí, bàtà ọmọdé, ẹní ìkírun. Owó kan náà ló yẹ kó yípo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí èrè dàbínù ra kún aṣọ.

Wo ìgbà tí owó oṣù ń wọlé náà. Oṣù tó ń yọ lójú ọ̀run là ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ fi ń tètè dé sí i pẹ̀lú nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 lọ́dọọdún. Ní 2025, 1 March la bẹ̀rẹ̀, 30 March la ṣọdún. Ti 2027, tí Ọlọ́hun bá dá ẹ̀mí wa sí, nǹkan bí 8 February là ń retí ẹ̀, kí ọdún bọ́ sí 9 tàbí 10 March. Ṣé o rí i? Owó oṣù January á ti wà lọ́wọ́ èèyàn kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n máa fi rà. Owó oṣù February á wá wọlé nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn ń bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ọdún tó dáa fún ẹni tó ń ta aṣọ ni, tí aṣọ bá ti wà lórí àtẹ ní 25 February kì í ṣe pé ó ṣì wà lójú ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Èkó.

Ìwọ wá ni tẹ́lọ̀, kí ló dé tóo fẹ́ lọ ra èyí tí ẹlòmíràn rán? Lọ sí ọjà Gbági nísinsìnyí tí ọjà ò tíì gbóná, ra aṣọ ní yáàdì, rán híjáàbù. Híjáàbù ò le rán, aṣọ tó ń gbà ò pọ̀, obìnrin kan lè ra mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ní àwọ̀ mẹ́ta. Rán jàlàbíà ọmọdé láti ọmọ ọdún méjì sí ọmọ ọdún mẹ́wàá, torí bí nǹkan ṣe le tó yìí, àgbà lè wọ ti èṣí, ọmọ ò lè wọ ọ́, ó ti dàgbà kọjá ẹ̀. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ rán gbogbo ẹ̀ tán nínú oṣù Rájábù àti Ṣáábánì, oṣù méjì tó ṣáájú ààwẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé tí ààwẹ̀ bá ti wọ ogún ọjọ́, aṣọ ọdún àwọn kọ́sítọ́mà ẹ á ti ga dé àjà, NEPA ò sì ní mú iná wá, o ò ní lè rán ti àtẹ mọ́, kò sì yẹ kóo já àwọn tó ti san owó àsansílẹ̀ kulẹ̀ torí àtẹ.

Ó yá, ká sọ ọ̀rọ̀ dàbínù, torí òun ni màá fẹ́ kóo kọ́kọ́ fi owó lé. Nínú hádíìsì Anas tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, Ànábì wa máa ń fi dàbínù tútù ṣínu, tí kò bá sí, á lo gbígbẹ, tí ìyẹn náà ò bá sí, á mu omi díẹ̀. Nítorí náà kò sí ilé Mùsùlùmí tí kò ní fẹ́ ní in, olówó ni o, mẹ̀kúnnù ni o. Gbígbẹ tí à ń rà, Òkè Ọya ló ti ń wá, Jigawa, Yobe, Borno, òmíràn láti orílẹ̀-èdè Niger. Èyí tó rọ̀ nínú páálí, Saudi, Algeria, Tunisia. Ìwọ tóo wà n'Ìbàdàn, Sábó lẹ́bàá Mọ́kọ́lá ni kóo lọ, àwọn Hausa ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti 1916, ọwọ́ wọn ló ti ń jáde. Lọ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù tó yọ, tó bá ku ọjọ́ méjì owó ẹ̀ á ti fò sókè.

Tóo bá débẹ̀, má ra àpò tí wọn ò tú. Ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, torí èyí tó dán ni wọ́n máa ń kó sórí, iyanrìn àti èyí tó ti fọ́ á wà nísàlẹ̀. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mú bíi mẹ́fà níbẹ̀, la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Tóo bá rí nǹkan lẹ́búlẹ́bú lára kóró inú ẹ̀, tàbí ihò wínníwínní tí abẹ́rẹ́ ẹ lè gbà kọjá lára èèpo, kòkòrò ti wọ àpò yẹn, dìde, lọ sí ìsọ̀ kejì. Èyí tó dáa, ara ẹ̀ á hunjọ ṣùgbọ́n á dán, tóo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á gbà díẹ̀. Tóo bá gbé e délé, kó o kúrò nínú àpò, ṣà á, gbọn iyanrìn dànù, kó o sínú ike olómorí, má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èyí tó rọ̀ ò fẹ́ ooru rárá, tóo bá gbé páálí ẹ̀ sínú oòrùn á kan, á máa rùn bí ọtí, kò sì sí Mùsùlùmí tó máa rà á lọ́wọ́ ẹ.

Bóo ṣe máa tà á: máa wọn kóńgò fún àwọn onílé, ṣùgbọ́n dì í ní mẹ́ta mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún sínú ọ̀rá kékeré pẹ̀lú. Àwọn tí Màgàríbì bá lójú ọ̀nà, ọlọ́kadà, oníkẹ̀kẹ́, ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rá kan àti píọ̀ wọ́tà tútù kan ni wọ́n ń wá, wọn ò ní dúró dúnàá dúrà. Jẹ́ kí ọwọ́ ẹ mọ́, bò ó lójú eṣinṣin. Wọ́tàmẹ́lọ̀n náà dáa nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, yí i padà wo ibi tó fi sùn lórí ilẹ̀, tó bá pọ́n rúsúrúsú ó ti gbó, tó bá funfun wọ́n tètè já a ni. Má gé ju èyí tóo lè tà lọ́jọ́ yẹn, èyí tó bá kù, gbé e lọ fún àwọn tó wà ní mọ́sáláásí.

Ní ti kánópì, má yá a. Owó tí wọ́n ń gbà lójúmọ́ á gorí ara wọn, tí oṣù bá fi máa pé wàá ti san ju iye tí wọ́n ń tà á lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ààwẹ̀ ń bọ́ sí báyìí, kì í ṣe bí ti 2013 àti 2014 tí òjò ń pa wá lórí àtẹ, oòrùn nìkan lo ń sá fún, agbòjò ńlá bíi ti àwọn tó ń ta káàdì ti tó, tébù méjì, àti iná onísólà kan. Nǹkan yìí á sì wúlò fún ẹ títí lọ, ní 2030 gan-an ẹ̀ẹ̀mejì la máa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo, ní ìbẹ̀rẹ̀ January àti ní ìparí December.

Ibi tóo máa jókòó sí ńkọ́? Ilẹ̀ mọ́sáláásí kì í ṣe ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ti Ọlọ́hun ni wọ́n fi sílẹ̀ fún, torí náà kí ọkọ ẹ bá ẹ lọ rí Ìmáàmù àti àwọn ìgbìmọ̀, kẹ́ẹ ṣàlàyé ohun tẹ́ẹ fẹ́ tà. Tó bá jẹ́ iwájú ilé ẹnìkan ni, ẹ lọ rí onílé. Ẹ rí Ìyálọ́jà àdúgbò náà, ká má tìtorí pé oṣù kan ni ká fojú di àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ látọdún dọ́dún. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kánsù á wá, má lé wọn, má sì fún wọn lówó láìgba rìsíìtì. Má jókòó sórí títì tàbí gọ́tà, ẹ̀yin tẹ́ẹ wà l'Ékòó tẹ́ẹ ń kà á, ẹ mọ̀ pé Káì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lé aláàtẹ, ò mọ̀ pé ààwẹ̀ là ń gbà, wọ́n á kó ọjà lọ. Má dí ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ wá kírun, gbá ibẹ̀ kóo tó lọ lálẹ́.

Láti Alásàrí sí Màgàríbì lówó wà, nǹkan bí aago mẹ́rin sí aago méje, wákàtí mẹ́ta yẹn ni gbogbo ọjọ́. Lẹ́yìn Màgàríbì gbogbo èèyàn á lọ jẹun, ó di ẹ̀yìn àṣámù, ìrun alẹ́ ààwẹ̀, kí wọ́n tó tún tú síta, ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin máa ń dúró wo híjáàbù, torí wọ́n ti jẹun, ara wọn ti balẹ̀, ni mo ṣe ní kóo ra iná. Ìwọ náà ń gbààwẹ̀ o, ìbejì sì wà nílé, torí náà wá ọmọ kan tí á máa bá ẹ jókòó, ṣe oúnjẹ ìṣínu ilé ẹ kí aago mẹ́ta tó lù, má jẹ́ kí ọjà sọ ẹ́ di ẹni tí kò ráàyè kírun. Tí wọ́n bá pe ìrun, da aṣọ bo àtẹ. Ti Jímọ́ọ̀ gan-an, Ọlọ́hun ló sọ ọ́ nínú Súrà Jímọ́ọ̀ pé ká fi káràkátà sílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn aláàtẹ kì í rántí, jáká fítírì, oúnjẹ tí à ń yọ fún aláìní ní ìparí ààwẹ̀. Òṣùwọ̀n sáà kan, ìyẹn mùdù Ànábì mẹ́rin, lórí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, kí wọ́n sì yọ ọ́ kí wọ́n tó kírun Yídì. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, sáà mẹ́fà nìyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò sì ráàyè máa wọn ìrẹsì lọ́jọ́ tó ku ọ̀la. Bèèrè ìwọ̀n tí mọ́sáláásí yín ń lò lọ́wọ́ Ìmáàmù, di ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà sílẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, wàá rí i bí wọ́n ṣe máa rà á.

Má ta àwìn lẹ́yìn ogún ọjọ́, ẹni tó bá ní òun máa san lẹ́yìn ọdún, ní ọdún lo máa wá a tì. Kóo sì fi sọ́kàn pé alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n la máa gbọ́ látẹnu Súlúntáànù Sókótó bóyá oṣù ti yọ, àwọn míì n'ílẹ̀ Yorùbá sì máa ń tẹ̀ lé ìríran tiwọn, nítorí náà má ra nǹkan tó lè bàjẹ́ sílẹ̀ de ọgbọ̀n ọjọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kóńgò. Mo ti rí kóńgò tí wọ́n lù nídìí tó wọnú, tí wọ́n wá ń fi wọn dàbínù fún aláàwẹ̀ tí ètè ẹ̀ ti gbẹ láti àárọ̀. Súrà kan odindi ni Ọlọ́hun fi ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, ìkẹtàlélọ́gọ́rin nínú Kùránì. Ọmọ mi, ra kóńgò tuntun. Fi lé ẹni tó bá rà lọ́wọ́ kó yí i wò.

Alhaja, ẹ kú àtìjọ́ o. London ni mo wà, Peckham, mọ́sáláásí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Old Kent Road la ti ń kírun. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ máa di oúnjẹ ìṣínu tà nígbà ààwẹ̀ tó ń bọ̀, móínmóín, àkàrà, sóbò, dàbínù. Ṣé a kàn lè gbé tébù síta ni?
Bàbá Àdìjá, London

Bàbá Àdìjá, ẹ má kàn gbé tébù síta o. Níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ta oúnjẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánsù, ó kéré tán ọjọ́ 28 kó tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìdáná yín náà ni o, wọn ò gba kọ́bọ̀ fún un, nítorí náà kí January tó gbọ́nà jìn ẹ ti forúkọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀bá títì lẹ máa jókòó sí, ẹ tún nílò láísẹ́ńsì street trading lọ́wọ́ kánsù kan náà, tó bá jẹ́ inú ọgbà mọ́sáláásí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀. Láti October 2021 sì ni òfin ti ní kí oúnjẹ tí wọ́n bá dì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á ní orúkọ ẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ lára, kí àwọn nǹkan tó lè gbòdì lára èèyàn hàn kedere, ẹyin, mílíìkì, ẹ̀pà, ẹja, edé. Móínmóín yín tó ní edé àti ẹyin, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ̀mí èèyàn ni.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló yàtọ̀ sí tilé jù. Ní February, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ yín, tí March bá fi máa wọ ọ̀sẹ̀ kejì á ti fẹ́ dé mẹ́fà. Ibi iṣẹ́ ni Màgàríbì máa bá ọ̀pọ̀ nínú wọn, nínú bọ́ọ̀sì, nínú tréènì. Ẹ má dúró de kí wọ́n wá bá yín lálẹ́, ẹ gba ọ́dà lórí WhatsApp lóru, ẹ dì í láàárọ̀, dàbínù mẹ́ta, omi, móínmóín kan, kí wọ́n gbà á kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ tàbí kí ẹnìkan gbé e lọ fún wọn lọ́sàn-án. Móínmóín gbọ́dọ̀ wà nínú tútù títí wọ́n á fi gbà á. Àkàrà ní tiẹ̀, ẹ dín in síwájú mọ́sáláásí lẹ́yìn àṣámù ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ rí i pé ẹ ti palẹ̀ mọ́ kí aago mọ́kànlá tó lù, oúnjẹ gbígbóná lẹ́yìn aago mọ́kànlá ní láísẹ́ńsì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Abẹ́òkúta ni mo wà, Kìrìsìtẹ́nì ni mí, àkàrà àti ògì ni mò ń tà. Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn Mùsùlùmí ò ní ra oúnjẹ ìṣínu lọ́wọ́ mi. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Alákàrà

Ìyá Alákàrà, kì í ṣe òótọ́ o, ẹ má dá ẹni yẹn lóhùn. Ilé wo ló wà n'ílẹ̀ Yorùbá tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ò jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà? Nígbà tí àwa ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní February 2026, ẹ̀yin náà ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, 18 February ni Ash Wednesday bọ́ sí. Orin wéré tí àwọn ọmọ fi ń jí wa sí sààrì ló bí fújì tí gbogbo wa jọ ń jó.

Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, epo, kò sí èyí tó léèwọ̀ níbẹ̀. Tí agbada yín bá ti dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rí, ẹ ra òmíràn fún ti ààwẹ̀, ẹ sì sọ fún wọn pé tuntun ni, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ gbé iná lé àkàrà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gbígbóná ni wọ́n fẹ́, àwọn míì tún máa wá a ní sààrì, nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, tẹ́ẹ bá lè jí. Ògì ní tiẹ̀, alẹ́ ni wọ́n ń rà á sílẹ̀ de sààrì, nítorí náà kó ti wà nínú ọ̀rá nígbà tí wọ́n bá ń ti àṣámù bọ̀, kó má kan jù, ikùn tó ti ṣófo látàárọ̀ ò fẹ́ kíkan.